Òfin Owó Orí Tuntun: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Òṣìṣẹ́, Oníṣòwò àti Ìdílé

Àwọn ìbéèrè tó ń padà wá lemọ́lemọ́ láti ìgbà tí òfin yìí ti dé la kó jọ síbí. Àwọn tó rọrùn ló ṣíwájú.

Òfin wo gan-an ni gbogbo ayé ń sọ, ìgbà wo ló sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?

Òfin mẹ́rin ni, kì í ṣe ẹyọ kan. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2025 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí wọn. Méjì ló kan àpò wa jù: Nigeria Tax Act, tó sọ iye tí kálukú máa san, àti Nigeria Tax Administration Act, tó sọ bí a ó ṣe san án. Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026 làwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn iléeṣẹ́ tó ń gba owó ló wà nínú méjì yòókù. FIRS àtijọ́, iléeṣẹ́ tó ń gba owó orí fún ìjọba àpapọ̀, ti di Nigeria Revenue Service, wọ́n sì dá Joint Revenue Board sílẹ̀ kí ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ lè máa ṣiṣẹ́ pọ̀.

Owó tó wọlé fún yín ní 2025 ṣì wà lábẹ́ òfin àtijọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 2026 lẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìjọba.

Ṣé gbogbo ènìyàn ló gbọ́dọ̀ san owó orí báyìí?

Rárá. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ gbogbo ohun tí òfin ní kí ẹ yọ, ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó orí kankan.

Òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò ju iye tó kéré jù lọ tí ìjọba fọwọ́ sí, ìyẹn ₦70,000, kò ní san rárá. Ẹni tó bá mọ ìṣirò á ní ₦840,000 nìyẹn lọ́dún, ó sì ti kọjá ₦800,000. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òfin dárúkọ wọn lọ́tọ̀, ó sì yọ wọ́n kúrò pátápátá. Bí wọ́n bá ń yọ owó orí lára olùṣọ́ tàbí agbálẹ̀ tó ń gba ₦70,000, àṣìṣe iléeṣẹ́ ni.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀?

Ìpele-ìpele ni, lórí owó ọdún kan tó kù lẹ́yìn àyọkúrò:

- ₦800,000 àkọ́kọ́: kò sí owó orí
- ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e: ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún
- ₦9,000,000 tó tẹ̀ lé e: ìdá 18
- ₦13,000,000 tó tẹ̀ lé e: ìdá 21
- ₦25,000,000 tó tẹ̀ lé e: ìdá 23
- gbogbo ohun tó bá lé ní ₦50,000,000: ìdá 25

Àwọn kan ń sá fún ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ẹ̀rù pé bí owó àwọn bá ti wọ ìpele tó ga, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa fi ìdá ńlá ṣá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó tó wọ ìpele yẹn nìkan ni ìdá rẹ̀ kàn. Èyí tó wà nísàlẹ̀ dúró síbi tó wà. Kò sí bí àfikún owó oṣù ṣe lè mú kí owó tó ń délé kéré sí ti tẹ́lẹ̀ nípasẹ̀ ìpele.

Ṣé ohun tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù mi yóò dín kù ni àbí yóò pọ̀ sí i?

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ yóò rí i pé ó dín kù. Àwọn tó ń gba owó ńlá ni tiwọn lè gbéra sókè. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, ká sì gbà pé lórí gbogbo owó oṣù ni wọ́n ti ń yọ ìdá 8 fún owó ìfẹ̀yìntì.

Ẹni tó ń gba ₦150,000 lóṣù ń gba ₦1,800,000 lọ́dún. Yọ ₦144,000 ti ìfẹ̀yìntì. Ká ní ₦400,000 ló ń san fún ilé lọ́dún, yọ ìdá 20 rẹ̀, ìyẹn ₦80,000. Ó ku ₦1,576,000. Yọ ₦800,000 tí kò ní owó orí, ó ku ₦776,000, ìdá 15 rẹ̀ sì jẹ́ ₦116,400 lọ́dún, ìyẹn ₦9,700 lóṣù. Lábẹ́ òfin àtijọ́, ₦133,712 ni ẹni yìí ìbá san lọ́dún. Fún ẹni tó ń gba ₦500,000 lóṣù tó sì ń san ₦1,000,000 fún ilé, ₦803,840 ti àtijọ́ di ₦747,600.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba ₦3,000,000 lóṣù, kódà tó bá gba àyọkúrò owó ilé dé òkè, ìyẹn ₦500,000, yóò bọ́ sí ₦6,432,600 láti ₦6,071,552. Ìdí ni pé àyọkúrò gbogboogbò àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní CRA ti lọ. CRA yìí máa ń tóbi bí owó oṣù bá ṣe ń tóbi, àwọn olówó ńlá ló sì ń jẹ ẹ́ jù.

Ẹ yẹ ìwé owó oṣù yín wò láti oṣù Kìíní 2026 síwájú. Bí ẹ bá ṣì rí CRA níbẹ̀, ẹ pe àwọn tó ń san owó oṣù.

Kí ni àyọkúrò owó ilé yìí, báwo ni mo ṣe lè rí i gbà?

Ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tí ẹ san lọ́dún ni, kò sì lè ju ₦500,000 lọ. Ẹni tó san ₦600,000 yóò yọ ₦120,000. Ẹni tó san ₦2,500,000 ti dé òkè. Ẹni tó san ₦5,000,000 kò ní rí ju tirẹ̀ lọ.

Ẹ má ṣì í gbọ́ o: ìjọba kò ní fún yín ní ₦120,000. Inú owó tí wọ́n máa ṣírò owó orí lé lórí lẹ ti máa yọ ọ́. Fún ẹni tó wà ní ìpele ìdá 15, ₦18,000 ló máa bá a dúró lọ́dún. Owó ilé nìkan ni òfin sì mọ̀. Owó ajẹ́ńtì, owó àgírímẹ́ǹtì àti owó ìbàjẹ́ tí wọ́n máa ń gbà pọ̀ mọ́ ọn kò sí níbẹ̀.

Ẹ gbọ́dọ̀ sọ iye tí ẹ san gan-an, kí ẹ sì ní ẹ̀rí rẹ̀: rìsíìtì, ìwé àdéhùn, àkọsílẹ̀ báńkì. Níbí ni wàhálà wà. Owó tó wọlé fún onílé láti ọwọ́ ayálégbé jẹ́ owó tó yẹ kó san owó orí lé lórí, ọjọ́ tí ayálégbé bá sì kọ ọ́ sílẹ̀ ni ìjọba mọ̀. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí lánlọ́ọ̀dù tó ti ń kọ rìsíìtì láìjanpata bá dédé ní ìwé òun ti tán. Ẹ fi owó náà ránṣẹ́ láti báńkì, kí ẹ kọ "owó ilé" àti ọdún rẹ̀ sí i.

Ilé ara mi ni mò ń gbé. Kí ló wà níbẹ̀ fún mi?

Kò sí àyọkúrò owó ilé fún yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yá owó kọ́ ilé tí ẹ fúnra yín ń gbé, èlé tí ẹ ń san lórí rẹ̀ ṣe é yọ.

Kí ni nǹkan mìíràn tí mo lè yọ? Owó iléèwé àwọn ọmọ ńkọ́?

Ẹ lè yọ owó ìfẹ̀yìntì tí ẹ ń dá lábẹ́ òfin, owó National Housing Fund, owó ìdójútòfò ìlera ti ìjọba, àti owó ìdójútòfò ẹ̀mí tí ẹ san fún ara yín tàbí fún ọkọ tàbí aya yín.

Owó iléèwé kò sí níbẹ̀. Iye ọmọ kò sí níbẹ̀. Bíbọ́ bàbá àti ìyá náà kò sí níbẹ̀. Àpọ́n tó ń dá gbé àti opó tó ń tọ́ ọmọ mẹ́rin, bí owó oṣù àti owó ilé wọn bá dọ́gba, iye kan náà ni wọ́n máa san. Lójú tèmi, ibi tí òfin yìí ti jìnnà sí bí a ṣe ń gbé ìgbé ayé wa jù lọ nìyí.

Ṣé lóòótọ́ ni pé wọ́n máa yọ owó orí lára gbogbo owó tó bá wọ àkáǹtì mi?

Irọ́ ni. Orí owó tí ẹ pa àti èrè tí ẹ jẹ ni owó orí wà. Owó tí ọmọ fún ìyá, owó àjọ tí ẹ kó, owó tí ẹ yá, gbèsè tí wọ́n san padà fún yín, owó tí ẹ gbé láti báńkì kan sí òmíràn, kò sí èyí tó jẹ́ èrè níbẹ̀. Ẹni tó kó àjọ, owó ara rẹ̀ ló kó.

Ohun tó wà nínú òfin ni pé báńkì gbọ́dọ̀ máa fi orúkọ àwọn oníbàárà tí owó ńlá ń gba ọwọ́ wọn kọjá ṣọwọ́ sí iléeṣẹ́ owó orí. Báńkì ń ṣe irú rẹ̀ kí òfin yìí tó dé. Ìròyìn ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, wọn ò yọ owó. Kìkì ìgbà tí wọ́n bá ti fi ìwé gbèsè owó orí ránṣẹ́ sí ẹnì kan, tí àkókò àtakò ti kọjá, tí kò sì san, ni iléeṣẹ́ owó orí lè ní kí báńkì san án láti inú owó rẹ̀.

Ó tún ku ọgbọ́n kan tó ń lọ káàkiri: pé kí àwọn oníbàárà máa kọ "gift" sí owó ọjà. Ọjà tí ẹ tà, ọjà ni. Bí wọ́n bá wá wo ìwé yín, irọ́ tó wà lákọsílẹ̀ ni wọ́n máa bá.

Ṣé mo gbọ́dọ̀ lọ gba nọ́ńbà owó orí kí báńkì má baà ti àkáǹtì mi pa?

Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, NIN yín ni wọ́n ń lò gẹ́gẹ́ bíi nọ́ńbà náà. Ẹni tó ti ní NIN kò nílò láti tò sórí ìlà. Ohun tó yẹ kí ẹ mójú tó ni kí orúkọ àti ọjọ́ ìbí yín bára mu lórí NIN àti ní báńkì.

Ta ló ń san ₦50 orí owó tí a bá fi ránṣẹ́?

Ẹni tó fi ránṣẹ́ ni báyìí; tẹ́lẹ̀, ẹni tó gbà á ni. ₦10,000 sókè ló kàn. Kò kan owó oṣù, bẹ́ẹ̀ ni kò kan owó tí ẹ gbé láàárín àkáǹtì tiyín méjì nínú báńkì kan náà.

VAT ńkọ́? Ṣé oúnjẹ máa wọ́n sí i?

VAT, ìyẹn owó orí tí wọ́n ń fi lé ọjà àti iṣẹ́, ṣì wà ní ìdá 7.5. Kò sí VAT lórí oúnjẹ ọjà tí wọn kò tíì sè, bí ìrẹsì, ẹ̀wà, gààrí àti iṣu. Kò sí lórí oògùn àti ìtọ́jú ilé ìwòsàn, owó iléèwé, ìwé ẹ̀kọ́, owó ilé, ọkọ̀ èrò àti páàdì àwọn obìnrin. Oúnjẹ tí ẹ bá lọ jẹ nílé oúnjẹ ńlá ní tirẹ̀.

Ṣé ọjà máa wá rọ̀ nítorí rẹ̀? Mi ò lérò pé ẹ máa rí i. Ìyá tó ń ta gààrí lọ́jà kò gba VAT lọ́wọ́ yín rí.

Oníṣòwò ni mí, mi ò gba owó oṣù. Báwo ni tèmi?

Orí èrè ni tiyín wà. Ká ní ọjà ₦10,000,000 lẹ tà lọ́dún. Ẹ fi ₦8,200,000 ra ọjà náà. Owó ṣọ́ọ̀bù, owó iná àti owó ọkọ̀ gba ₦700,000. Èrè yín jẹ́ ₦1,100,000. Yọ ₦800,000, ìdá 15 lórí ₦300,000 tó kù jẹ́ ₦45,000 fún gbogbo ọdún.

Ìṣirò yìí wà fún ẹni tó ní àkọsílẹ̀. Fún ẹni tí kò ní, òfin fàyè gba kí iléeṣẹ́ owó orí fojú bu iye tó yẹ kó san. Ìwé kékeré kan tí ẹ ń kọ ohun tí ẹ rà àti ohun tí ẹ tà sí ti tó láti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ti lè gbọ́ pé iléeṣẹ́ kéékèèké kò ní san owó orí iléeṣẹ́. Kọ́ńpìnnì tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú "Limited" nìyẹn kàn. Ẹni tó forúkọ òwò lásán sílẹ̀, tàbí tí kò forúkọ sílẹ̀ rárá, owó orí ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ló máa san. Tíkẹ́ẹ̀tì àwọn agbèrò àti owó ọjà kò sì lè rọ́pò owó orí, bó ti wù kí ẹ ti san tó.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ará òkè òkun, dọ́là ni wọ́n ń san. Ṣé ó kàn mí?

Ó kàn yín. Ẹni tó bá ń gbé Nàìjíríà, gbogbo owó tó ń wọlé fún un láti ibikíbi láyé ni òfin ń wò. Nítorí pé kò sí ọ̀gá tó ń yọ ọ́ fún yín, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ tí ẹ máa san án. Owó dátà, kọ̀ǹpútà, iná àti ohun mìíràn tí ẹ ná sórí iṣẹ́ náà ṣe é yọ, níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ fún iṣẹ́ náà nìkan.

Èrè orí kírípítò náà ti wọ inú òfin báyìí. Èrè ni o. Ríra àti dídì í mú kò ní owó orí.

Ọmọ mi ń fi owó ránṣẹ́ sí mi láti òkè òkun. Ṣé èmi tàbí òun ló máa san?

Kò sí ẹni tó máa san nínú yín. Ẹ̀bùn ni. Ọmọ yín tó ń gbé tó sì ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, tí kì í ṣe olùgbé Nàìjíríà lójú òfin, kò jẹ Nàìjíríà ní owó orí lórí owó tó ń pa níbẹ̀. Bó bá ní ilé níbí tó ń gba owó háyà lórí rẹ̀, owó háyà yẹn ni owó orí Nàìjíríà dé.

Ọjọ́ 183 láàárín oṣù méjìlá wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ olùgbé, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́. Wọ́n tún ń wo ibi tí ilé àti ẹbí èèyàn wà àti ibi tí okòwò rẹ̀ fìdí sọlẹ̀ sí. Ẹni tí ìyàwó, ọmọ àti okòwò rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, tó kàn ń lọ tó ń bọ̀, kó má fi ọjọ́ tó kà nìkan gbọ́kàn lé e.

Èmi àti ìyàwó mi jọ ń ṣiṣẹ́. Ṣé a máa pa owó wa pọ̀?

Rárá, kálukú ni wọ́n ń ṣírò tirẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ní ₦800,000 tirẹ̀. Owó ilé kan náà kò ṣe é kọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó san án ló máa yọ ọ́. Bí ẹ bá jọ dá a, kálukú kọ iye tí ó san.

Mọ́wé ni mò ń gbé, Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìpínlẹ̀ wo ló ni owó orí mi?

Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ibi tí èèyàn ń gbé ni òfin ń wò, kì í ṣe ibi tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Iléeṣẹ́ yín ní Èkó ló yẹ kó fi owó náà ránṣẹ́ sí Ògùn lóṣooṣù. Bí àdírẹ́sì àtijọ́ yín ní Ọ̀ṣòdì ló ṣì wà nínú fáìlì wọn, Èkó ni owó yín ń lọ, ẹ sì lè fi orí gbá a lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ gba ìwé ẹ̀rí owó orí ní Abẹ́òkúta.

Mo fẹ́ ta ilé, tàbí mọ́tò, tàbí ṣíà mi. Kí ni kí n retí?

Orí èrè ni, ìyàtọ̀ láàárín iye tí ẹ rà á àti iye tí ẹ tà á. Ìdá 10 ni tẹ́lẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ní báyìí, wọ́n máa pa èrè náà pọ̀ mọ́ owó yòókù tó wọlé fún yín lọ́dún náà, ìpele yín ni wọ́n sì máa fi ṣírò rẹ̀.

Ilé tí ẹ fúnra yín ń gbé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré láyé yín ni, ilẹ̀ rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju éékà kan lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá mọ̀ pé òun ṣì máa kó lọ sílé tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó rò ó dáadáa kó tó lo ẹ̀ẹ̀kan yẹn sórí èrè kékeré. Mọ́tò tí ẹ ń lò fún ara yín, kò ju méjì, bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣíà náà bọ́, bí iye tí ẹ tà kò bá tó ₦150,000,000 tí èrè rẹ̀ kò sì ju ₦10,000,000 lọ láàárín oṣù méjìlá.

Wọ́n dá mi dúró níṣẹ́, wọ́n sì fún mi lówó gbà-má-bínú. Ṣé owó orí wà lórí rẹ̀?

Kò sí, bí kò bá ju ₦50,000,000 lọ. ₦10,000,000 ni ààlà rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì tí ẹ ń gbà lábẹ́ òfin ìfẹ̀yìntì náà kò ní owó orí.

Wọ́n ti ń yọ PAYE, owó orí inú owó oṣù, lára mi. Ṣé mo tún ní láti kọ nǹkan kan ránṣẹ́?

Bẹ́ẹ̀ ni. Kó tó di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta lọ́dọọdún, kí kálukú kọ owó tó wọlé fún un lọ́dún tó kọjá ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ owó orí ìpínlẹ̀ rẹ̀. PAYE tí ọ̀gá yín san kò mọ̀ nípa ilé tí ẹ fi háyà tàbí òwò tí ẹ ń ṣe lópin ọ̀sẹ̀.

Ẹni tí kò bá ṣe é lè san ìtanràn ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́ àti ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e. Ìtanràn lè ju owó orí fúnra rẹ̀ lọ fíìfíì.

Iye tí wọ́n kọ sí mi pọ̀ ju ohun tí mo jẹ lọ. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kọ̀wé àtakò láàárín ọjọ́ 30 tí ìwé náà tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ẹ sọ ibi tí ìṣirò ti wọ́, kí ẹ sọ iye tí ẹ rò pé ó tọ́, kí ẹ so ẹ̀rí mọ́ ọn, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù. Lílọ sọ ọ́ lẹ́nu ní ọ́fíìsì wọn kì í ṣe àtakò. Bí wọ́n bá kọ̀, Tax Appeal Tribunal, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó orí, wà. Òfin tuntun tún dá ọ́fíìsì Tax Ombud sílẹ̀ fún ẹ̀sùn nípa bí àwọn òṣìṣẹ́ owó orí ṣe hùwà sí èèyàn.

Ilé ẹbí wa la fi háyà fún àwọn ayálégbé. Ta ló máa san owó orí rẹ̀? Ṣé ogún náà ní owó orí?

Ogún fúnra rẹ̀ kò ní owó orí ní Nàìjíríà. Owó tí ilé-ẹjọ́ ń gbà lórí ìwé ogún yàtọ̀. Ṣùgbọ́n owó tí ogún náà bá ń mú wọlé kò yàtọ̀ sí owó mìíràn, òfin sì mọ ẹbí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó lè jẹ owó orí. Kì í ṣe tuntun. Ó wà nínú òfin àtijọ́ náà.

Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín ni bóyá ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe é yà sọ́tọ̀. Bí ọmọ márùn-ún bá ń pín ₦1,500,000 lọ́gbọọgba lọ́dún, ₦300,000 ni kálukú máa kọ mọ́ owó tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó ti fẹ̀yìn tì tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì nìkan kò ní san kọ́bọ̀. Àbúrò tó ń gba owó oṣù, tó wà ní ìpele ìdá 15, máa san ₦45,000 lórí ìpín tirẹ̀.

Bí kò bá sẹ́ni tó mọ ìpín rẹ̀, tó jẹ́ pé inú àpò ẹbí ni owó ń wọ̀, tí wọ́n fi ń tún òrùlé ṣe tí wọ́n sì fi ń sìnkú, owó ẹbí lápapọ̀ ni. Ìpínlẹ̀ tí ẹni tó máa ń gba owó náà lọ́wọ́ ayálégbé ń gbé ló máa gba owó orí rẹ̀. Bí olórí ẹbí bá ń gbé Ìbàdàn, Ọ̀yọ́ ló ni ín, ì báà jẹ́ pé Èkó ni àwọn ọmọ tó kù wà. Owó àtúnṣe ilé ṣe é yọ kí wọ́n tó ṣírò, nítorí náà kí akọ̀wé ẹbí má ṣe ju rìsíìtì bíríkìlà àti ti páànù nù.